Òkúta Tí Ó Ti Ọ̀gbun Ilẹ̀ Padà Wá: Àlàyé lórí Éklójáìtì Tógò fún Olùkọ́ ní Agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

Àṣamọ̀

Ó rọrùn kí ẹ̀kọ́ nípa òkúta aláyìípadà di ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, nítorí pé iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ agbègbè náà. Àpẹẹrẹ tí ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń mú wá sì jẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí òkúta tí ìfúnpọ̀ ńlá sọ di ọ̀tun nínú ọ̀gbun ilẹ̀, níbi tí àwo ilẹ̀ kan ti rì sábẹ́ èkejì. Éklójáìtì gúúsù Tógò ni àpẹẹrẹ pàtàkì tí ó lò. Iṣẹ́ náà fi hàn pé mínírà inú òkúta jẹ́ ẹlẹ́rìí ibi tí òkúta ti dé, pé ẹ̀rí wọn fi ìdí òkun kan tí ó ti parẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá múlẹ̀, àti pé olùkọ́ lè fi ohun tí ó wà nítòsí kọ́ni ní ìmọ̀ yìí. Ó tún tọ́ka sí àṣìlóye mẹ́rin tí ó yẹ kí olùkọ́ yẹra fún.

1.0 Ìfáárà

Ilẹ̀ iyanrìn, àbàtà àti ọ̀sà ni àwọn Àwórì bá ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ọ̀hún ṣe rí. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga ní Òkòkòmáíkò yóò bá iyanrìn pàdé, yóò bá amọ̀ pàdé, yóò sì tún bá iyanrìn mìíràn pàdé lábẹ́ rẹ̀. Kì í kan àpáta. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń po kankéré, tí ó máa ń wà ní òkìtì-òkìtì lẹ́bàá títì, ọkọ̀ ni ó kó o wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta lókè, irú bí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìdí ni pé agbègbè yìí wà lórí ilẹ̀ onípele tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Agbada Dahomey. Agbada náà bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, ó gba Tógò kọjá, ó gba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí ó ń jẹ́ Dahomey títí di ọdún 1975 kọjá, ó sì wọ Nàìjíríà.

Èyí fa ìṣòro kan fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka orúkọ òkúta lákàátúnkà, kí ó sì yege nínú ìdánwò, láìmọ ohun tí òkúta ń sọ. Bí ó bá di olùkọ́, orúkọ náà ni yóò tún fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìṣòro náà máa ń le sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan òkúta ìfúnpọ̀ ńlá, nítorí pé Òkè Alps, Norway tàbí California ni ìwé sábà máa ń tọ́ka sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni.

Ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Títì ńlá tí ó gba Òkòkòmáíkò kọjá lọ sí Àgbádárìgì ni títì tí ó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lómé. Bí ènìyàn bá dé Lómé, tí ó yà sí àríwá, tí ó kọjá ilẹ̀ iyanrìn, yóò wọ agbègbè òkè kan tí ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ní Áfíríkà nípa ìrìsábẹ́ àwo ilẹ̀. Ohun tí ẹ̀rí náà jẹ́, bí ó ṣe wáyé, àti ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà lò ó, ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

2.0 Àlàyé Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì

Ó yẹ kí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan fojú hàn kí àlàyé tó tẹ̀síwájú.

Mínírà: Èyí ni ohun tí òkúta fi di òkúta. Mínírà kọ̀ọ̀kan ní èròjà tirẹ̀ àti ọ̀nà tí èròjà náà gbà tò. Bí ẹ̀wà, àgbàdo àti ẹ̀pà ṣe lè wà nínú àwo kan náà, bẹ́ẹ̀ ni mínírà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà nínú òkúta kan. Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí àlùmọ́ọ́nì, èyí tí àwọn ènìyàn ń lò fún ohun inú ilẹ̀ tí ó ṣeé tà.

Òkúta aláyìípadà: Èyí ni òkúta tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ooru, ìfúnpọ̀ tàbí méjèèjì sọ mínírà inú rẹ̀ di mínírà mìíràn, láìjẹ́ pé òkúta náà yọ́. Amọ̀ tí wọ́n sun di ìkòkò kò yọ́, síbẹ̀ kì í ṣe amọ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ òkúta aláyìípadà ṣe rí nìyẹn.

Àwo ilẹ̀: Òde ayé kò jẹ́ odidi kan ṣoṣo. Ó pín sí àwo ńláńlá tí ó nípọn, tí ó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún.

Ìrìsábẹ́: Níbi tí àwo méjì bá ti pàdé, èyí tí ó wúwo jù, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun, lè tẹ̀ kí ó sì rì sábẹ́ èkejì, kí ó wọ inú máńtù, ìyẹn ìpele tí ó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ lábẹ́ ilẹ̀ Japan, òun ni ó sì fa ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá tí ó wáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2011.

Ojú ìránpọ̀: Èyí ni ìlà tí ilẹ̀ méjì ti so pọ̀ lẹ́yìn tí òkun tí ó wà láàrin wọn ti rì tán. Bí ojú rírán ṣe ń fi hàn pé ìrépé aṣọ méjì ni wọ́n fi dá ẹ̀wù kan, bẹ́ẹ̀ ni ìlà yìí ṣe ń fi hàn pé ilẹ̀ méjì ni ó di ọ̀kan.

3.0 Bí Ìfúnpọ̀ Ṣe Ń Sọ Òkúta Di Ọ̀tun

3.1 Ìfúnpọ̀ ńlá, ooru kékeré

Ní ibi púpọ̀ lórí ilẹ̀ ayé, ooru máa ń fi nǹkan bí 25 sí 30 ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì pọ̀ sí i fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá wọ ilẹ̀ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ní ìjìn 30 kìlómítà, ooru lè dé 750. Ṣùgbọ́n nínú àwo tí ó ń rì, ìṣirò yìí kò bá a mu. Ooru ibẹ̀ lè má fi ju 5 sí 10 lọ fún kìlómítà kan. Bí ó bá jẹ́ 8, ooru inú òkúta tí ó wà ní ìjìn 30 kìlómítà kò ju 240 lọ.

Iṣu tí wọ́n tì bọ inú eérú gbígbóná lè ṣe àlàyé èyí. Èèpo rẹ̀ á gbóná kíákíá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Ìdí ni pé ó máa ń pẹ́ kí ooru tó wọ inú. Òkúta kì í tètè gba ooru rárá, àwo ilẹ̀ sì nípọn tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà. Bí ó ṣe ń rì ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, ó máa ń dé ìsàlẹ̀ kí ooru ìsàlẹ̀ tó ràn án. Ìfúnpọ̀ ní tirẹ̀ kì í dúró dè é. Bí ẹrù orí rẹ̀ bá ti pọ̀ sí i ni ìfúnpọ̀ ń pọ̀ sí i. Ní ìjìn 35 kìlómítà, ìfúnpọ̀ jẹ́ nǹkan bí gígápásíkà 1, èyí tí ó tó ìlọ́po 10,000 ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìrìsábẹ́ fi ní òkúta tirẹ̀. Ìfúnpọ̀ tí ó ga púpọ̀, tí ooru rẹ̀ sì kéré sí bí ìjìn náà ṣe tó, kì í sábà wà ní ibòmíràn. Òkúta tí ó bá gbé àmì méjèèjì pọ̀ ti sọ ibi tí ó ti wá.

3.2 Láti básọ́ọ̀tì dé éklójáìtì

Básọ́ọ̀tì ni òkúta dúdú tí ìsàlẹ̀ òkun fi ṣe. Bí ó bá ń rì, omi òkun ti wà nínú àwọn mínírà rẹ̀ kan. Ní ìpele àkọ́kọ́, níbi tí ooru ti wà láàrin nǹkan bí 200 sí 500, mínírà tuntun kan tí ń jẹ́ glọ́kófénì máa ń hù nínú rẹ̀. Àwọ̀ aró ni mínírà yìí, ó sì lè sọ gbogbo òkúta náà di aláwọ̀ aró bí aṣọ àdìrẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde. Òkúta aláwọ̀ aró yìí pọ̀ ní California àti ní erékùṣù Syros ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ó máa ń tètè bàjẹ́ bí ooru bá padà dé bá a, èyí tí ó ju 800 mílíọ̀nù ọdún lọ sì ṣọ̀wọ́n púpọ̀ káàkiri ayé.

Bí àwo náà bá tún rì sí i, òkúta aláwọ̀ aró kò lè dúró mọ́. Fẹ́lídísípà, mínírà funfun tí ó pọ̀ nínú básọ́ọ̀tì, á tú ká pátápátá. Sódíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á wọ inú mínírà aláwọ̀ ewé kan tí ń jẹ́ ọ́mfásáìtì. Kálísíọ́ọ̀mù àti alumíníọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ inú gáńẹ́ẹ̀tì, mínírà pupa tí ó yípo bí hóró ataare. Òkúta tí ó jáde nínú ìyípadà yìí ni éklójáìtì: pupa lórí ewé, láìsí fẹ́lídísípà kankan. René Just Haüy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó sọ ọ́ lórúkọ yìí ní ọdún 1822, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àṣàyàn. Ní ọdún 1920, Pentti Eskola, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Finland, fi éklójáìtì sí ipò tirẹ̀ láàrin àwọn ìsọ̀rí òkúta aláyìípadà, ó sì so ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan mọ́ ooru àti ìfúnpọ̀ tí ó bí i.

Ohun méjì ni ó tẹ̀lé ìyípadà yìí. Èkínní ni pé omi máa ń jáde. Bí wọ́n bá di ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò, tí wọ́n sì fi jáàkì fún un, omi rẹ̀ á sá jáde, ohun tí ó kù á sì le gbagidi. Omi tí ó jáde láti inú àwo tí ó ń rì máa ń gòkè wọ máńtù tí ó wà lórí rẹ̀, ó sì máa ń mú kí ó rọrùn fún un láti yọ́. Òkúta yíyọ́ yìí ni ó ń di òkè oníná lókè. Èkejì ni pé òkúta náà máa ń wúwo sí i. Básọ́ọ̀tì wúwo tó gíráàmù 3.0 fún sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan. Éklójáìtì wúwo tó 3.4 sí 3.5. Máńtù òkè tí ó yí i ká wà ní nǹkan bí 3.3. Nítorí náà, bí ìsàlẹ̀ òkun bá ti di éklójáìtì, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò máa fà á lọ sí ìsàlẹ̀.

3.3 Kóósáìtì, ẹlẹ́rìí ìjìn tí ó jù lọ

Iyanrìn Ọ̀jọ́ kún fún kúọ́tìsì, mínírà tí sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn para pọ̀ di. Bí wọ́n bá fún kúọ́tìsì yìí ní ìfúnpọ̀ tí ó tó nǹkan bí gígápásíkà 2.7, èròjà rẹ̀ kò ní yí padà, ṣùgbọ́n wọn yóò tún ara wọn tò, wọn yóò sì sún mọ́ ara wọn sí i. Ohun tí ó bá jáde ni kóósáìtì. Loring Coes ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ṣe é nínú yàrá ìwádìí ní ọdún 1953, kí ẹnikẹ́ni tó rí i nínú ayé. Ní ọdún 1960, wọ́n rí i ní Arizona níbi tí òkúta láti ojú ọ̀run ti já lu ilẹ̀. Ní ọdún 1984, Christian Chopin rí i nínú òkúta aláyìípadà ní Òkè Alps ti Ítálì, David Smith sì ròyìn rẹ̀ láti Norway ní ọdún kan náà.

Ìròyìn ọdún 1984 yìí yí èrò àwọn onímọ̀ padà. Ìfúnpọ̀ gígápásíkà 2.7 túmọ̀ sí ìjìn tí ó tó 90 sí 100 kìlómítà. Bẹ́ẹ̀ òkúta orí ilẹ̀ gbígbẹ, tí ó fúyẹ́, ni Chopin ti rí i. Kí ọdún náà tó dé, èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ jù láti rì tó bẹ́ẹ̀.

4.0 Ẹ̀rí Tí Ó Wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

4.1 Òkun tí ó ti parẹ́

Ní nǹkan bí 700 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò tíì di ọ̀kan. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ni ilẹ̀ àtijọ́ kan wà tí ó ti dúró gbọin láti nǹkan bí 2,000 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ó gba apá tí ó pọ̀ nínú Gánà, Ivory Coast, Burkina Faso àti Mali òde òní. Ní apá ìlà-oòrùn ni ilẹ̀ mìíràn wà, lórí èyí tí ilẹ̀ Yorùbá dúró sí. Òkun ni ó wà láàrin wọn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Òkun Pharusian. Òkun náà rì díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ apá ìlà-oòrùn, títí ó fi tán, tí ilẹ̀ méjèèjì sì kọlu ara wọn.

Ojú ìránpọ̀ wọn ṣì wà. Ó gba gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti apá kan Bẹ̀nẹ̀, ó sì lọ sí àríwá títí dé Mali. Ọ̀wọ́ òkúta dúdú wúwo tò tẹ̀lé e bí ìlẹ̀kẹ̀. Òkè Agou nítòsí Kpalimé, òkè tí ó ga jù ní Tógò ní 986 mítà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òkè Kabyè ní agbègbè Kara náà jẹ́ ọ̀kan. Àwọn tí ó ń wọn agbára òòfà ilẹ̀ pàápàá rí i pé agbára náà ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yìí, nítorí ìwúwo òkúta tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

4.2 Mali, Gánà àti Tógò

Ní ọdún 1994, Renaud Caby ròyìn kóósáìtì láti agbègbè Gourma ní àríwá Mali. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí mínírà yìí nínú òkúta aláyìípadà tí ó gbó tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2001, Jahn, Caby àti Monié fi hàn pé nǹkan bí 620 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni òkúta náà wà ní ọ̀gbun ilẹ̀, wọ́n sì pè é ní èyí tí ó gbó jù lọ nínú irú rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ nígbà náà. Fún Gánà, Kodjopa Attoh ṣe àlàyé ní ọdún 1998 lórí òkúta ìfúnpọ̀ ńlá tí ó wà lójú ìránpọ̀ yìí, irú èyí tí ó wà ní Òkè Shai tí kò jìnnà sí Accra. Òkúta Shai ní gáńẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n fẹ́lídísípà ṣì wà nínú rẹ̀. Fún ìdí èyí, kì í ṣe éklójáìtì.

Ti Tógò ni ó kan iṣẹ́ yìí jù. Ní ọdún 2001, Yao Agbossoumondé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí éklójáìtì gúúsù Tógò, wọ́n sì tọ ipa ìrìnàjò rẹ̀ láti ọ̀gbun ilẹ̀ títí dé òkè. Ní ọdún 2014, Carlos Ganade de Araujo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ éklójáìtì Mali, ti Òkè Lato ní Tógò àti ti àríwá ìlà-oòrùn Brazil wò pa pọ̀. Wọ́n rí i pé láàrin 20 mílíọ̀nù ọdún péré ni etí ilẹ̀ náà rì sínú ọ̀gbun ní gbogbo ìlà tí ó gùn tó 2,500 kìlómítà, ó kéré tán. Wọ́n kà á sí ẹ̀rí àkọ́kọ́ nínú ìtàn ayé fún ìrìsábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jìn tí ó sì gbòòrò bẹ́ẹ̀, tí ó sì bá ìgbà tí òkè ńlá irú Himalaya kọ́kọ́ yọ mu.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ ọjọ́ orí náà tọ́ sí àlàyé. Mínírà kékeré kan wà tí ń jẹ́ sákọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó bá ń hù, ó máa ń gba yùréníọ́ọ̀mù sínú, kì í sì í fẹ́ gba òjé. Yùréníọ́ọ̀mù máa ń di òjé ní ìwọ̀n tí kì í yí padà: ìdajì irú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á di òjé ní nǹkan bí 4,470 mílíọ̀nù ọdún. Bí wọ́n bá wọn yùréníọ́ọ̀mù tí ó kù àti òjé tí ó ti wà níbẹ̀, wọ́n lè ṣírò ìgbà tí sákọ́ọ̀nù náà hù.

4.3 Òdìkejì òkun

Kí àwọn onímọ̀ tó mọ éklójáìtì wọ̀nyí dunjú ni Patrick Hurley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà àti Brazil ti ṣe ìdánwò kan ní ọdún 1967. Wọ́n mọ̀ pé nítòsí Accra ni ààlà wà láàrin òkúta tí ó ti tó 2,000 mílíọ̀nù ọdún àti èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 600 mílíọ̀nù, àti pé ààlà náà wọ inú òkun. Wọ́n sọ pé bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti jẹ́ ọ̀kan rí, ó yẹ kí ààlà náà yọ nítòsí São Luís ní Brazil. Wọ́n wọn òkúta Brazil, wọ́n sì bá ààlà náà níbẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì tí ó pín wọn níyà kéré sí ojú ìránpọ̀ náà lọ́jọ́ orí. Ìyapa yẹn kan náà ni ó ṣí Agbada Dahomey sílẹ̀, tí iyanrìn fi rí ibi kó jọ sí lábẹ́ Ọ̀jọ́.

4.4 Ipò ilẹ̀ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí

Àwọn Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí apá ìwọ̀-oòrùn jù lọ, ìyẹn àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Àná ní Atakpamé, ń gbé nítòsí ojú ìránpọ̀ yìí gan-an. Láti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí ìlà-oòrùn, gba Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Abẹ́òkúta àti Ìdànrè, apá òkè ni gbogbo ilẹ̀ náà wà nígbà tí òkun ń rì sábẹ́ rẹ̀. Ìkọlù náà mú ooru ńlá wá. Gíránáìtì tí ó di Òkè Ìdànrè wá láti inú àkókò ooru yìí, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, Ìdànrè àti Òkè Lato jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì ìṣẹ̀lẹ̀ kan: ọ̀kan fi ooru òkè hàn, èkejì fi ìfúnpọ̀ ìsàlẹ̀ hàn. Olùkọ́ tí ó bá fi Ìdànrè kọ́ni láìmẹ́nu kan Tógò ti sọ ìdajì ìtàn.

5.0 Bí Òkúta Náà Ṣe Padà Wá

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ onílàákàyè yóò kọ́kọ́ bèèrè ni èyí: bí éklójáìtì bá wúwo ju máńtù lọ, báwo ni ó ṣe padà sókè? Òótọ́ ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò padà mọ́. Èyí tí ó padà ni èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ fífúyẹ́. Nígbà tí òkun rì tán, ó fa etí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó so mọ́ ọn wọlẹ̀ pẹ̀lú. Ìwúwo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí 2.7 lọ. Nígbà tí àwo òkun já kúrò lára rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ilẹ̀ fífúyẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí igbá òfìfo tí wọ́n tẹ̀ sínú odò tí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbé ègé éklójáìtì tí ó wà nínú rẹ̀ dání. Òjò àti odò wá fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún wẹ ohun tí ó bò ó kúrò.

Kíkíákíá ìpadàbọ̀ náà ṣe pàtàkì. Bí òkúta bá pẹ́ ní ibi tí ooru pọ̀ sí, tí omi sì dé bá a, gáńẹ́ẹ̀tì àti ọ́mfásáìtì á tún padà di mínírà mìíràn, ẹ̀rí á sì parẹ́. Kóósáìtì nìkan kò lè dá dúró. Kúọ́tìsì ni yóò padà dà. Èyí tí ó bá là á já ni èyí tí gáńẹ́ẹ̀tì tàbí sákọ́ọ̀nù ká mọ́ inú bí ẹyin inú èèpo líle. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá fẹ́ di kúọ́tìsì, á fẹ̀ sí i, á sì la gáńẹ́ẹ̀tì tí ó yí i ká ní ìlà-ìlà. Ìlà wọ̀nyẹn ni àwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ rí lábẹ́ ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi.

6.0 Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

6.1 Àṣìlóye mẹ́rin

Èkínní ni pé òkúta aláyìípadà ti yọ́ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú líle ni ìyípadà ti ń wáyé. Èkejì ni pé ìjìn àti ooru jẹ́ ohun kan náà. Àpẹẹrẹ iṣu inú eérú fi hàn pé òkúta lè jìn kí ó má sì gbóná tó bí ìjìn rẹ̀ ṣe tó. Ẹ̀kẹta ni pé gáńẹ́ẹ̀tì nìkan tó láti jẹ́rìí ìrìsábẹ́. Gáńẹ́ẹ̀tì wà nínú ọ̀pọ̀ òkúta Nàìjíríà tí kò rí ọ̀gbun rí. Àpapọ̀ mínírà ni ó ń jẹ́rìí: gáńẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ́mfásáìtì, láìsí fẹ́lídísípà. Ẹlẹ́rìí kan kò tó dá ẹjọ́. Ẹ̀kẹrin ni pé ìrìsábẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti parí láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìmìtìtì ilẹ̀ Accra ní ọdún 1939 àti èyí tí ó kéré ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1984 kì í ṣe ti àwo tí ó ń rì.

6.2 Ìdánwò ìwúwo

Ìdánwò kan wà tí kò ná ilé-ẹ̀kọ́ ní owó púpọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí ó fi okùn so ó mọ́ ìwọ̀n onísípíríǹgì, kí ó wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́, kí ó sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ó bá rì sínú omi láìkan ìsàlẹ̀ ike. Kí ó fi ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjèèjì pín ìwọ̀n ti afẹ́fẹ́. Bí òkúta bá wọn gíráàmù 270 nínú afẹ́fẹ́, tí ó sì wọn 170 nínú omi, ìyàtọ̀ jẹ́ 100, ìdáhùn sì jẹ́ 2.7, ìwúwo gíránáìtì nìyẹn. Éklójáìtì tí ìtóbi rẹ̀ bá a dọ́gba yóò wọn nǹkan bí 345. Láti inú ìṣirò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìdí tí ilẹ̀ gbígbẹ fi ń padà léfòó, àti ìdí tí ìsàlẹ̀ òkun kì í fi í padà.

6.3 Iyanrìn etí òkun

Omi òkun máa ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní gbogbo etí òkun láti Gánà dé Èkó. Odò Volta, tí ó ti máa ń kó iyanrìn púpọ̀ wá sí òkun kí ìdídò Akosombo tó parí ní ọdún 1965, gba ojú ìránpọ̀ náà kọjá nítòsí Kpong. Gáńẹ́ẹ̀tì sì le, kì í tètè fọ́. Olùkọ́ lè kó iyanrìn dúdú wúwo tí ìgbì máa ń tò sílẹ̀ ní etí òkun Àgbádárìgì, kí ó fi mágínẹ́ẹ̀tì yọ irin inú rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi awò amóhun-tóbi wá hóró pupa nínú ìyókù. Bí wọ́n bá rí i, kí olùkọ́ béèrè ibi tí ó ti lè wá, kí wọ́n sì ka gbogbo ibi tí ó ṣeé ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀, wọn yóò kọ́ bí ẹ̀rí ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

7.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti ṣe àlàyé pé òkúta ìfúnpọ̀ ńlá jẹ́ àkọsílẹ̀ ìrìnàjò: èròjà rẹ̀ sọ ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, mínírà rẹ̀ sọ ibi tí ó dé, sákọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì sọ ìgbà tí ó débẹ̀. Éklójáìtì gúúsù Tógò fi hàn pé òkun kan wà rí ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, pé ó rì, àti pé etí ilẹ̀ gbígbẹ tẹ̀lé e wọ ọ̀gbun kí ó tó padà. Ààlà tí ìjọba àmúnisìn fà láàrin Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kò sí níbẹ̀ nígbà náà, kò sì yẹ kí ó dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò ní àpótí òkúta tí gíránáìtì, básọ́ọ̀tì àti éklójáìtì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣètò ìrìnàjò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Tógò. Ọmọ tí ó dàgbà lórí iyanrìn lè mọ òkúta dáadáa, bí ẹni tí ó ń kọ́ ọ bá mọ̀ pé orúkọ òkúta nìkan kọ́ ni ẹ̀kọ́.